Bí a ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi wo erékùṣù Jẹ́bà, ká sì padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ kan náà

Ẹni tó bá ti Ìlọrin lọ sí Mọ́kwà rí ti gba orí erékùṣù Jẹ́bà kọjá, bóyá láìmọ̀. Afárá kan ti ìhà gúúsù, tó jẹ́ ti Kwara, wọ inú rẹ̀. Òmíràn ti inú rẹ̀ jáde lọ sí ìhà àríwá, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò kì í rí ju irin afárá àti ìdí tírélà lọ. Orí odò Ọya gan-an ló yẹ kéèyàn ti wò ó. Láti ibẹ̀ lẹ ti máa rí òkúta Ketsa tó dá dúró láàárín omi, abúlé Nupe tó fara ti òkè, àti igbó tó ti gba ilẹ̀ tí òyìnbó fi ṣe ibùjókòó ìjọba nígbà kan. Ọjọ́ kan tó fún un, bí ẹ bá mọ oṣù tó yẹ kí ẹ lọ, irú ọkọ̀ tó yẹ kí ẹ wọ̀, àti aago tó yẹ kí ẹ padà. Aago yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, òun ló sì máa ń ba ìrìn náà jẹ́ jù.

Ìgbà tó dára

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ lọ. Láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá, odò máa ń kún gan-an, dáàmù Kainji tí wọ́n parí ní 1968 àti dáàmù Jẹ́bà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985 sì lè ṣí omi sílẹ̀ nígbàkigbà. Òkè odò díẹ̀ sí ìlú ni dáàmù Jẹ́bà wà, ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń fi omi ṣe iná mànàmáná níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi kún iye ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí wọ́n dín in kù, ojú omi ní Jẹ́bà á gòkè tàbí kó lọ sílẹ̀, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìdí nìyí tí etíkun tí ẹ so ọkọ̀ mọ́ láàárọ̀ fi lè jìnnà sí omi lọ́sàn-án, tàbí kí omi ti bò ó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún atukọ̀ ni, "Ṣé omi ń kún ni àbí ó ń fà?" Bó bá ní ó ń fà, ẹ má fa ọkọ̀ gun iyanrìn tàbí òkúta, ẹ fi í sílẹ̀ nínú omi, kí ẹnì kan sì dúró tì í.

Ọyẹ́ ní ewu tirẹ̀. Eruku rẹ̀ lè bo ojú omi láàárọ̀ tí èèyàn ò ní rí òkúta títí ó fi kù díẹ̀ kó kan án. Ẹ jẹ́ kí oòrùn là á kí ẹ tó wọ omi. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni a kò fọwọ́ sí rárá: ooru pọ̀, ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì máa ń jà lójijì lọ́sàn-án, ó lè dojú ọkọ̀ pákó dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ń ná Jẹ́bà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, ti kòtò àti ti ààbò. Lásìkò yìí, Àríwá Kwara kì í ṣe ibi tí à ń já lọ láìbéèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má tíì wá, ẹ sún un síwájú.

Láti Ìlọrin

Nǹkan bí 100 kìlómítà ni Ìlọrin sí Jẹ́bà, gba Olórù àti Bódè Sáàdú. Bí ọ̀nà bá dára kò gba wákàtí méjì, ṣùgbọ́n tírélà ló ni ọ̀nà yẹn. Ọ̀kan tó bá dẹnu kọlẹ̀ ní gẹ̀ẹ́rẹ́ afárá lè dá gbogbo èèyàn dúró. Ẹ fún ara yín ní wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ẹ kírun Àsùbáà tán, ẹ gbéra. Tí aago mẹ́fà bá ti lù kí táyà ti máa yí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìrá, kó wá sùn sí Ìlọrin lálẹ́ àná. (Ará Ìrá ló yẹ kó kọ́kọ́ kí odò náà, nítorí ọmọ wọn ni wọ́n ń pe Ọya.)

Ẹ dé Jẹ́bà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ wọ omi ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ẹ padà sí èbúté ní aago méjì, kí ẹ wà lójú títì ní aago mẹ́ta. Àlàásárì kò gbọdọ̀ bá yín lórí omi. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó fi dé Ìlọrin kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbà.

Ti ẹrù: lítà omi mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà. Àpò kan tó ní ogún ọ̀rá tó èèyàn mẹ́ta, méjì á sì ṣẹ́kù fún ọwọ́ fífọ̀ tàbí ọgbẹ́. Oúnjẹ tí kì í tètè kan ni kí ẹ gbé: ẹ̀kọ, ẹyin sísè, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wàrà Ìlọrin dùn, àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Oòrùn orí omi á ti bà á jẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, fìlà tó ní okùn, àti bàtà tó bo kókósẹ̀. Ẹ kó fóònù àti owó sínú ọ̀rá méjì kí ẹ so ó pinpin, kí owó náà sì jẹ́ ṣẹ́ńjì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láti fi owó ránṣẹ́ létí omi. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé pé bí òun kò bá gbúròó yín ní aago mẹ́rin, kó pe nọ́ńbà atukọ̀. Nítorí náà, ẹ gba nọ́ńbà atukọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé kí ẹ tó kúrò ní èbúté.

Ẹ kọ́kọ́ kí onílé

Ẹ má ti inú mọ́tò bọ́ tààrà sínú ọkọ̀ ojú omi. Nupe ni àwọn tó wà lórí erékùṣù náà, olórí abúlé wọn ni wọ́n ń pè ní zitsu. Ẹ jẹ́ kí atukọ̀ tàbí ẹnì kan tó gbọ́ Nupe mú yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbàǹja díẹ̀ àti owó tí kò pọ̀, tí ẹ fi ọwọ́ méjì gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, ti tó. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ rí lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì bi í níbi tí àlejò kì í dé. Wọ́n á fún yín ní ẹnì kan tó máa ṣamọ̀nà. Ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kó má jẹ́ lára owó ọkọ̀. Ẹni tó bá fo ìkíni yìí lè rìn títí kó má rí nǹkan kan ju koríko lọ, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kò sí lára máàpù.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ má ya dáàmù, ẹ má ya ṣọ́jà, ẹ má sì ya ibi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò lẹ́nu afárá. Kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó ya afárá fúnra rẹ̀. Dúróònù, ẹ fi í sílé.

Ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ pákó onẹ́ńjìnnì ni ẹ máa rí jù. Fún èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì HP 15 tó. Ẹ háyà odindi ọkọ̀, kí ẹ ṣàdéhùn iye owó fún àlọ, dídúró àti àbọ̀ pa pọ̀, kí owó epo sì wà nínú rẹ̀. Ẹ san ìlàjì, kí ìlàjì kù di ìgbà tí ẹ bá padà gúnlẹ̀. Ẹ má wọ ọkọ̀ akérò tó ń gbé ẹran àti àpò ìrẹsì.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Omi díẹ̀ kò burú, pákó máa ń yọ́ omi wọlé. Ẹ ní kí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún wò ó. Bó bá ti bo ẹsẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá òmíràn, nítorí jíjó yẹn á pọ̀ sí i bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Nígbà tí gbogbo yín bá jókòó tán, láti ojú omi dé etí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ìbú ọwọ́ mẹ́ta. Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ìgbì ọkọ̀ míì tó bá kọjá lásán ti tó láti bu omi sí i. Kí igbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí wà nílẹ̀ fún gbígbọ́n omi, kí àjẹ̀ méjì sì wà, ẹ́ńjìnnì ì báà tuntun.

Lórí láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kò sí àríyànjiyàn. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó bọ̀ lóru kọlu igi tó wà lábẹ́ omi lórí odò yìí kan náà ní agbègbè Pàtígi, ó sì dojú dé. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá omi lọ. Òru, èrò tó pọ̀ jù, igi abẹ́ omi: ẹ lè sá fún méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ojú rí ìkẹta. Bí atukọ̀ kò bá ní jákẹ́ẹ̀tì tó pé iye yín, ẹ rà á tàbí kí ẹ yá a wá láti Ìlọrin. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú kó fà á sókè. Bó bá ré àgbọ̀n kọjá, ó ti tóbi jù, á bọ́ lọ́rùn nínú omi. Ti àgbà kò ṣeé wọ̀ fún ọmọdé.

Epo: HP 15 tó bá ń sáré tán-ń-tán lè jẹ tó lítà mẹ́fà ní wákàtí kan. Wákàtí méjì ni gbogbo rírìn yín lórí omi kò fi ní jù, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún ni kí ẹ bèèrè. Òfin àwọn awakọ̀ omi ni pé ìdá mẹ́ta ni à ń pín epo sí, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, ọ̀kan fún ohun tí a kò rò. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ìdajì lítà ọ́ìlì ló ń lọ sínú lítà 25, ẹ́ńjìnnì kan sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti gbó. Ọ́ìlì tó kéré jù á mú kí písítìnnì gan. Èyí tó pọ̀ jù á dọ̀tí púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á sì máa wúkọ́. Ẹ rí i pé wọ́n fi aṣọ sẹ́ epo náà, nítorí omi díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì ti tó láti pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò.

Ní kété tó bá ti tan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tu jáde. Omi yẹn ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bó bá dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, koríko omi tàbí ọ̀rá ti dí ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n yọ ìdọ̀tí náà. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì á máa han, ọkọ̀ kò ní lọ. Irin kékeré tó so abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá ti gé nígbà tó kan òkúta; wọ́n ṣe é kó máa gé ni, kí abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ má baà fọ́. Ẹ béèrè bí atukọ̀ bá ní méjì lọ́wọ́, pẹ̀lú púláyà. Bí kò bá ní, ẹ má kúrò ní èbúté.

Lórí omi

Ẹ kọ́kọ́ gòkè odò, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́yìn tí ẹ ti gòkè, odò á máa gbé yín bọ̀ wálé. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ tó sì kú, ẹ ó fi àjẹ̀ bá omi jà. Àmọ́ ẹ má gòkè jù: ẹ jìnnà sí dáàmù gan-an, omi tó ń jáde níbẹ̀ lágbára, wọn kò sì fẹ́ ọkọ̀ àlejò nítòsí.

Òkúta ni olówó odò yìí. Omi máa ń sọ ibi tí wọ́n wà. Bí omi bá pín sí méjì, tí orí tó ti pín dojú kọ òkè odò, òkúta ń bẹ lábẹ́ orí yẹn. Bí ẹ bá rí ìlà omi méjì tó là ní òkè odò tó wá pàdé ní ìsàlẹ̀, àárín wọn ni ọ̀nà. Ibi tí omi ti wú jọ̀lọ̀ tó wá ń hó lẹ́yìn rẹ̀, òkúta wà níbẹ̀ tí kò yọ orí. Kí ẹnì kan jókòó síwájú, kó máa fi ọwọ́ júwe. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí atukọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Lábẹ́ afárá, ojú kan ni kí ọkọ̀ kọ, kó gba àárín òpó méjì kọjá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ òpó, omi á tì í mọ́ ọn, á sì yí i dé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dìde dúró láti ya fọ́tò níbẹ̀.

Ketsa ni kí ẹ ti lo èyí tó pọ̀ jù lára àkókò yín. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ bá odò yìí sọ̀ kalẹ̀ ní 1830, wọ́n kọ nípa òkúta náà pé ó ga tó nǹkan bí 300 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì kọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ sọ fún wọn, pé ẹ̀mí rere kan ń gbé níbẹ̀ tó máa ń bọ́ arìnrìn-àjò tí ebi ń pa. Ibi ọ̀wọ̀ ni fún àwọn Nupe títí dòní. Ẹ yí i ká, ẹ má gùn ún, àyàfi bí olórí abúlé bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà yín láyè. Ẹ fi ààyè tó dáa sílẹ̀, nítorí omi ń sáré gan-an láàárín òkúta agbègbè yẹn. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ nípa ọkọ̀ Dayspring. Dókítà Baikie, òyìnbó tó wá yẹ odò náà wò, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ gòkè wá nínú rẹ̀, ó sì fọ́ mọ́ òkúta nítòsí Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá 1857. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi pàgọ́ sí etí odò kí ọkọ̀ míì tó wá gbé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Glover, ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí Èkó láti wá oúnjẹ àti ìrànlọ́wọ́. Òun náà ni àwọn ará Èkó wá ń pè ní Gòlóbà nígbà tó di gómìnà wọn. Ẹ fi ojú ara yín wo bí omi ṣe ń yí níbẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí ọkọ̀ ńlá onísítíìmù kò fi rọ́nà gbà.

Lórí ilẹ̀

Lugard fi Jẹ́bà ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó kó lọ sí Zungeru ní 1902. Wọn kò pẹ́, nítorí náà ẹ má retí ààfin. Ikán jẹ igi ilé, wọ́n kó irin lọ, igbó gba ìyókù. Igi ni kí ẹ fi mọ ibi tí èèyàn ti gbé rí. Máńgòrò kì í fúnra rẹ̀ hù lórí ìlà; bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá tò bí ẹni ta okùn, ẹnì kan ló gbìn wọ́n. Dógóyárò tó ti gbó náà sábà máa ń jẹ́ àmì bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ wọn fún sìmẹ́ńtì, bíríkì tàbí àtẹ̀gùn tí kò lọ síbi kankan.

Ti rélùwéè ṣì dúró gbagidi. Ọ̀nà irin tó gba Ọ̀fà wọ Ìlọrin ní 1908 dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì kan omi. Títí di 1916 tí afárá parí, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágọ̀nù sọdá. Ọwọ̀n ìrántí Mungo Park àti Richard Lander náà wà ní Jẹ́bà. Bí àkókò bá kù díẹ̀, òun ni kí ẹ yọ kúrò, nítorí ẹ lè fi mọ́tò wá wò ó lọ́jọ́ mìíràn.

Ère bàbà ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Mẹ́sàn-án ni àwọn tí wọ́n mọ̀ nígbà kan ní etí odò yìí, méjì lórí erékùṣù Jẹ́bà, méje ní abúlé Tada. Ìtàn Nupe ní Tsoede, ẹni tí wọ́n ní ó dá ìjọba Nupe sílẹ̀, ló kó wọn wá láti Ìdá. Èyí tó jókòó, tó lókìkí jù, wà ní mùsíọ́mù Èkó báyìí. Nígbà tó ṣì wà ní Tada, ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sódò tí wọ́n ń fi iyanrìn fọ̀ ọ́ kí ẹja lè pọ̀, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi dán. Ẹ má fi Tada kún ìrìn ọjọ́ kan yìí. Ìsàlẹ̀ odò ló wà, ó jìnnà, àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ gígòkè. Bí ẹ bá rí àfọ́kù, irin tàbí ohunkóhun nílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀. Olè ti jà tó ní agbègbè yìí, òfin sì lòdì sí kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Nínú igbó, wèrèpè ni kí ẹ bẹ̀rù kí ẹ tó bẹ̀rù ejò. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí à ń lọ yìí náà ni èso rẹ̀ gbẹ tí irun rẹ̀ ń fò. Bó bá kàn yín, ẹ má fi ọwọ́ họ ọ́, ẹ má sì kọ́kọ́ da omi sí i. Ẹ fi eérú gbígbẹ tàbí téèpù tó ń lẹ̀ yọ irun náà, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ti ejò, ẹ fi ọ̀pá lu koríko níwájú, ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò bíríkì. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má wọ inú omi tó dúró létí erékùṣù, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ń bẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Níbi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, kòkòrò kékeré dúdú tó ń fa ìfọ́jú etí odò máa ń jẹni lọ́sàn-án. Aṣọ alápá gígùn ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí atukọ̀ bá ní erinmi wà níbì kan, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀nà mìíràn, bó tilẹ̀ gùn.

Ní aago kan ààbọ̀, ẹ padà sínú ọkọ̀, ohun tó wù kó kù. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ tí ẹ bá tírélà tó tò láti ẹnu afárá wọ inú ìlú, ẹ má ṣe bí àwọn tó ń fi òdìkejì ọ̀nà sáré, nítorí àwọn gan-an ló ń di ọ̀nà náà pa. Ẹ fún un di aago mẹ́rin. Bí kò bá tíì là nígbà náà, ẹ wá ilé àlejò sí Jẹ́bà, kí ẹ pe ilé, kí ẹ gbéra lẹ́yìn Àsùbáà.